Ẹ gbà mí, kí ni wọ́n ń pè ní "F9 párálẹ̀ẹ̀lì"?

Ìyá Bọ́lá: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò ọkọ mi ní Sátidé, èmi tí mo jí láago mẹ́rin lọ ṣan ẹran, tí mo fowó ara mi ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan, àkọ́bí rẹ̀ kàn pe ọmọ mi ní "Párálẹ̀ẹ̀lì" lójú àlejò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀, ó wọlé lọ. Èébú wo nìyẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: WAEC ni, mà. Ẹni tó gba F9 nínú iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Á tò látòkè délẹ̀ ìwé èsì bí ojú irin.

Bàbá Tíṣà: Ẹni tí kò bá gbà tó 40 nínú 100 ló ń gba F9. Láyé tiwa, "ó fìdí rẹmi" la máa ń sọ. Èmi náà fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, oko kòkó ni bàbá mi mú mi lọ.

Dúpẹ́: Ní yunifásítì, "ó gbé e" là ń wí. Mo gbé kóòsì mẹ́ta rí, mo sì jáde.

Bàbá Tíṣà: Gbé kóòsì, gbé kóòsì. Ẹrù ni?

Dúpẹ́: Ẹrù ni, sà. Ẹ bi ẹni tó rù ú.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ jàre.

Ìyá Bọ́lá: Ọmọ mi kì í ṣe olódo! Òun ló ń ka Bíbélì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ṣé ẹ fojú ara yín rí èsì náà?

Ìyá Bọ́lá: Mo rí i. Kò sí F9 kankan níbẹ̀. "Held" ni wọ́n kọ síwájú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Háà! Ìyẹn kì í ṣe párálẹ̀ẹ̀lì, wọ́n dá èsì rẹ̀ dúró ni. Níbo ló ti ṣe ìdánwò?

Ìyá Kẹ́hìndé: Mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́.

Ìyá Bọ́lá: Abúlé kan ni. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ ibẹ̀ máa ń ran ọmọ lọ́wọ́. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré. Ṣé èmi nìkan ni mo ń ṣe é?

Bàbá Tíṣà: Ìyá Bọ́lá, tòmátò lẹ kọ́kọ́ sọ fún wa.

Ìyá Bọ́lá: Alámòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù yìí.