Ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ lórí motorway M6: ẹ ka èyí kí ẹ tó gbéra

Ìyá Ìbejì, Kent:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kó tó kúrò lọ́kàn mi torí ìgbà ìkómọ àti ìgbéyàwó la wà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Fúráìdé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwa mẹ́rin tí a jọ ka ìwé gbéra láti Kent, Glasgow là ń lọ, ọ̀rẹ́ wa ló bímọ, àárọ̀ Sátidé ni ìkómọ. Kúlà ìrẹsì ọ̀fadà méjì, ọbẹ̀ ayamáṣe kúlà kan, àpótí aṣọ, bùútù kún dẹ́nu. Ọkọ̀ mi la gbé, ó ti lo ọdún 11, àmọ́ kò tíì pé oṣù kan tó yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, torí náà ọkàn mi balẹ̀.

A yà ní Tebay, ibi ìsinmi lórí M6, a jẹun díẹ̀, a tún bọ́ sọ́nà. Ẹni tó bá mọ M6 níbẹ̀ yẹn á mọ̀ pé bí ẹ bá ṣe kúrò ní Tebay báyìí lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Shap, òkè gidi ni, ọ̀nà yẹn ga ju 300 mítà lọ. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń fi gbígbóná ẹ́ńjìnnì hàn ti ń lọ sókè. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó níwájú rí i, ó ní ṣé kò yẹ ká dúró, mo ní ká gun òkè yìí tán ná, á tutù tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí iná pupa fi tàn, èéfín funfun bo gbogbo iwájú, mo bá yà sí hard shoulder, etí ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó bá kú. Ó ń dùn mí títí di òní pé mi ò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwa tí a mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí ọkọ̀ bá kú: wọ́n á já ewé sẹ́yìn ọkọ̀ tàbí kí wọ́n gbé C-caution, àmì onígun mẹ́ta yẹn, síbẹ̀, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá omi. Ọ̀kan nínú wa ti bọ́ọ́lẹ̀, ó ti ń ṣí bùútù, C-caution ló ń wá kó rìn padà sẹ́yìn lọ gbé e kalẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn! Ẹ jọ̀ọ́, ní UK a kì í gbé C-caution sórí motorway, ó wà nínú Highway Code, ìwé òfin ìrìnnà wọn, torí mótò ń bọ̀ ní máìlì 70 láàárín wákàtí kan, ìrìn yẹn gan-an lè pa èèyàn. Ẹ tan iná hazard, kí gbogbo yín gba ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì jáde, ẹ lọ sẹ́yìn irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì dúró sápá ibi tí mótò ti ń bọ̀, ẹ má dúró síwájú ọkọ̀ yín, torí tí nǹkan bá gbá a, iwájú ló máa gbá a lọ.

Òjò ń ṣẹ́, afẹ́fẹ́ òkè yẹn ń fẹ́ wa bí ìyàngbò, kóòtù wa sì wà lábẹ́ kúlà ní bùútù. Wọ́n bẹ̀ mí pé ká padà sínú ọkọ̀, mo kọ̀ jálẹ̀. Bí tírélà bá ṣe ń kọjá ni ọkọ̀ yẹn ń mì, gbogbo wa ń wò ó.

Mo pe National Highways, àwọn tó ń bójú tó motorway ní England, 0300 123 5000, ẹ tọ́jú nọ́ńbà yẹn sínú fóònù yín. Wọ́n bi mí pé ibo la wà, mo ní lẹ́yìn Tebay, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lára òpó kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Gbogbo 100 mítà ni òpó yẹn wà, ọfà ara ẹ̀ sì ń tọ́ka síbi tí fóònù SOS tó súnmọ́ yín wà, fóònù yẹn fúnra ẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ wà.

Ọ̀rọ̀ breakdown cover, ìyẹn ínṣọ́ráǹsì ọkọ̀ tó bá kú lọ́nà, ló wá gbówó lọ́wọ́ wa. Èyí tó rọ̀ jù ni mo rà, mi ò kà á dáadáa. Ó ní wọ́n á wá tún un ṣe lójú ọ̀nà, tí kò bá sì ṣeé ṣe wọ́n á wọ́ ọ lọ sí gáréèjì, máìlì 10 péré. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni, gáréèjì tó wà nítòsí ti pa, Penrith la lọ, a san owó máìlì tó lé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá nínú ìwé tiyín ni "recovery", tí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní gbé yín débi tí ẹ ń lọ, wọn ò sì ní gbé yín padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Manchester:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o, ọpẹ́ ni fún Olúwa tó yọ yín. MOT yẹn, ẹ jẹ́ kó yé gbogbo wa, kì í yẹ inú ẹ́ńjìnnì wò, kì í yẹ clutch àti gíá wò. Bíréèkì, táyà, iná, èéfín, irú ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń wò. Kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ wo táǹkì kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín MIN àti MAX. Tó bá ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibì kan ń jò. Ẹ wo ilẹ̀ ibi tí ẹ páàkì sí náà, òórùn kúláǹtì máa ń dà bíi ti nǹkan dídùn. Tí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè, ẹ pa AC, ẹ tan heater dé òpin, ẹ ṣí fèrèsé, á fa ooru díẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì títí ẹ máa fi ríbi yà sí. Ẹ má ṣí ìdérí táǹkì kúláǹtì nígbà tó bá gbóná! Omi yẹn máa tú jáde, á bó èèyàn lójú.

Nǹkan mìíràn, ẹ̀yin tí ẹ ra ọkọ̀ àlòkù: náàtì kan wà lára wílì kọ̀ọ̀kan tó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ nítorí olè. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ yẹn lónìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ò tiẹ̀ ní spare táyà mọ́, àmọ́ ká tiẹ̀ ní ó wà, láìsí kọ́kọ́rọ́ yẹn wílì ò ní í tú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Milton Keynes:
Ẹ ṣeun gan-an ni mà. M1 tó wà lọ́dọ̀ wa ńkọ́, ibi tí ò ti sí hard shoulder?

Ìyá Ìbejì, Kent:
Àbúrò mi, ẹ máa wo àyè ìdúró pàjáwìrì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbìyànjú láti dé. Tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà tí ẹ ò sì lè jáde láìséwu, ẹ má tú bẹ́líìtì, ẹ tan hazard, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè fi X pupa ti ọ̀nà yẹn.

Àbúrò yín ní Hamburg:
Ẹ kú ewu mà. Kí ẹni tó bá ń wakọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa má lo òfin ibẹ̀ yẹn o. Ní Jámánì níbí, dandan ni kí C-caution àti ẹ̀wù aláwọ̀ títàn wà nínú ọkọ̀, ẹ sì máa gbé C-caution yẹn sẹ́yìn ọkọ̀ lórí autobahn náà. Ẹ̀yìn irin ni kí ẹ máa gbà rìn, ẹ má rìn lójú ọ̀nà.

Àǹtí Leeds:
Tí ẹ bá máa ń pààrọ̀ ara yín lórí sítíárì, kí orúkọ gbogbo yín wà nínú ínṣọ́ráǹsì o. Wọ́n ń ta ti ọjọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. £300 àti pọ́ìntì 6 lórí láísẹ́ǹsì ni wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń wakọ̀ láìní ínṣọ́ráǹsì. Ìyá Ìbejì, ẹ ò sọ bí ẹ ṣe dé ìkómọ, oúnjẹ yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Kent:
Àǹtí mi, a débẹ̀ o. Reluwé ń lọ láti Penrith tààrà sí Glasgow Central, a gbé kúlà mẹ́ta wọlé, arákùnrin kan tí a ò mọ̀ rí bá wa gbé méjì. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù nígbà tí bàbá ọmọ wá pàdé wa ní stéṣọ̀n. Water pump, ẹ̀rọ tó ń fa kúláǹtì yí ẹ́ńjìnnì ká, ló bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ òun àti bẹ́líìtì ẹ̀. Mẹkáníìkì ní tí mo bá tún wà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, head gasket, èdìdì inú ẹ́ńjìnnì, ì bá ti lọ, ìyẹn sì lè gba owó tó ju ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù wọ reluwé padà ní Sọ́ńdè, èmi dúró títí wọ́n fi tún un ṣe tán. Mo ti fi recovery kún cover mi, kóòtù mẹ́rin sì wà lórí àga ẹ̀yìn báyìí.