Èsì: "Ọkọ̀ akérò ìránṣẹ́" kọ́ ni message bus

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ. Kì í ṣe pé mo dákẹ́ ní àdákẹ́gbọ́. Iná ni kò sí ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, fóònù tí mo ń ṣáàjì lọ́dọ̀ aládùúgbò kò sì tó fi kọ ọ̀rọ̀ tó gùn. Iná ti dé báyìí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: orúkọ Yorùbá là ń wá fún ohun tí wọ́n ń pè ní message bus, èyí tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ara wọn, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn, ká lè fi kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní kóòdù kíkọ. Àpẹẹrẹ tí a mú ni Koji, ẹ̀rọ tí àwọn ará Fedora, àwọn tó ń ṣe Linux kan fún kọ̀ǹpútà, fi ń sọ kóòdù di ẹrù dídì tí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lè gbé wọlé. Bí Koji bá ti di ẹrù kan tán, tàbí tí ẹrù náà tú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ síta, àwọn ètò mìíràn á sì gbọ́, wọ́n á mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìpẹru pe ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá ní "ọkọ̀ akérò ìránṣẹ́". Àbúrò wa tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ní "ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́" ló dára. Ìyá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́nnẹ́, ní ṣé a ò ní àrokò nílé ni tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ọkọ̀ yẹn kò lè gbé wa dé ibi kankan.

Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ rí "bus", ẹ sì rántí bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Omnibus ni, èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "fún gbogbo ènìyàn". Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ gba orúkọ náà. Àwọn oníná mànàmáná náà mú un, wọ́n fi pe ọ̀pá irin tí iná ti ń pín lọ sí gbogbo ibi, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ti yá a. Táyà àti dírẹ́bà kò sí nínú rẹ̀ mọ́ nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. "Fún gbogbo ènìyàn" nìkan ló kù, òun gan-an ni ọkọ̀ akérò yín sì gbé jù sílẹ̀.

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní gáréèjì Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí kò lè sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣàgámù, ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkéde Koji kan ṣoṣo ń dé etí olùgbọ́ mẹ́wàá, kò sì dín kù. Ẹrù inú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní olówó rẹ̀. Ọmọ kan lára àwọn tí mò ń kọ́ ka àkọsílẹ̀ wa àkọ́kọ́, èyí tó ní "ọkọ̀" nínú, ó sì lọ kọ ètò kan tó fi àyè orúkọ ẹni tí yóò gbà á sára gbogbo ohun tó ń rán jáde, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sára páálí tí wọ́n fẹ́ wéèbíìlì. Mo bi í léèrè pé ta ni yóò máa kọ orúkọ náà sí i. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ọkọ̀ máa ń gbé ẹrù tí kò lólówó ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà la fi tú u palẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, àwa tí a fún un ní ọ̀rọ̀ la jẹ̀bi.

Ó wá ku ohun tí à ń rán gan-an. Níbí lọ̀rọ̀ ti dùn.

Bí ọmọ Yorùbá bá máa sọ "message" láìronú, "iṣẹ́" ni yóò sọ. Wọ́n rán mi níṣẹ́, mo jíṣẹ́, òjíṣẹ́ ni mí. Kò sí àbùkù níbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé inú Koji la wà. Gbogbo ohun tí Koji bá fún ẹ̀rọ kan pé kó lọ ṣe, iṣẹ́ náà ló ń jẹ́, ohùn kan náà, àmì kan náà. Ẹ gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé ìtọ́sọ́nà: "Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó rán iṣẹ́ pé iṣẹ́ ti parí." Mo kà á sókè fún ìyàwó mi, ó ní ṣé mo ti jẹun.

"Àtẹ̀jíṣẹ́" àbúrò wa yọ wá nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti mọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ohun tí ènìyàn fi ìka tẹ̀ lórí fóònù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan níbí, kò sì sí nọ́ńbà ẹnì kankan. Ẹrù Ìpẹru tún ni a gbé gba Àgọ́-Ìwòyè.

Ìyá wa, ti àrokò yín le díẹ̀, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn àrokò tó ti Ìjẹ̀bú lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ nípa wọn sínú ìwé wọn ní 1887. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí pé ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ka owó ẹyọ, yóò sì rí owó ẹyọ. Koji náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í kọ "a ti di ẹrù tán". Nọ́ńbà ló ń kọ. 0 ni pé ó ń di ẹrù lọ́wọ́, 1 ni pé ó ti dì í tán, 2 ni pé wọ́n ti pa á rẹ́, 3 ni pé ó kùnà, 4 ni pé wọ́n fagi lé e. Ẹni tí kò bá mọ àṣà ilé Koji lè rò pé 3 sàn ju 1 lọ. Àrokò pọ́ńbélé nìyẹn. Ṣùgbọ́n, mà, àrokò kì í lọ láìní ẹni tí a rán an sí. Ìkọ̀kọ̀ ni, ẹni tí a fẹ́ kó yé nìkan ló gbọ́dọ̀ yé. Ohun tí Koji ń ṣe, gbangba ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi àrokò pe àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí a má fi pe odidi rẹ̀.

Odidi rẹ̀, ìkéde ni. Akéde kò mọ ẹni tó ń gbọ́, kò dúró de èsì, kò sì bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni jáde. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọjá. Ohun tí Koji ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ìkéde ni, níbo ni wọ́n ti ń kéde? Ojúde. Orúkọ tí mo mú wá fún message bus nìyí: ojúde ìkéde. Ẹni tó bá ti rí ìta ààfin Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi Ojúde Ọba, tí regbẹ́régbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ ohun tí mò ń sọ. Ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, a sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó jáde wá. Omnibus ni láìsí Látìn.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n wa láti òkèèrè: "Ìjẹ̀bú-Òde tún ti dé! Gbogbo nǹkan wọn, Ojúde Ọba!" Ẹ̀gbọ́n, ojúde kì í ṣe tiwa nìkan, ojúde wà níwájú ààfin Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, náà. Ìlú mẹ́tàlá ló kó jọ ní 1872 tó di Ṣàgámù, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ ló sì yẹ kí ẹ kọ́ wa bí ojúde kan ṣe ń gba ọ̀pọ̀ ìlú. Àtakò tó ní orí ni èyí tí àbúrò wa kọ lánàá, pé ojúde jẹ́ ibi, ó dúró sójú kan, nígbà tí message bus ń gbé nǹkan lọ. Mo rò ó títí di òru. Ìdáhùn mi ni pé kò gbé nǹkan kan lọ fún ẹni tí kò tíì sọ pé òun ń gbọ́. Olùgbọ́ ló ń wá síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá.

Ohun tó mú kí n gbà pé ojúde tọ́ ni pé ó jẹ́ kí ìyàtọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣàlàyé. ZeroMQ, irinṣẹ́ tí ètò kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn, ni Fedora kọ́kọ́ lò. Nínú ti ZeroMQ, bí o kò bá sí lójúde nígbà tí akéde ké, ó ti kọjá lára rẹ nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sórí RabbitMQ, irinṣẹ́ mìíràn, níbi tí ẹnì kan wà tó ń bá ẹ gba ìkéde pa mọ́ títí wàá fi dé. Ẹni yẹn ni òyìnbó ń pè ní broker. Ẹnìkan nínú wa ní "alágbàtà". Rárá o. Alágbàtà á tú ẹrù, á bù ú tà, á jèrè lórí rẹ̀. RabbitMQ kì í tú ẹrù ẹni. Alárinà náà kò bá a mu, ọ̀rọ̀ ìyàwó fífẹ́ ni yóò sọ sí wa lọ́kàn. Bí a ṣe ní adelé tó ń di ilé mú títí ọba tuntun yóò fi jẹ, mo dá "agbàdè" sílẹ̀: ẹni tó ń gbà dè wá.

Ní àsìkò tí wọ́n ń kó láti ibi kan dé èkejì, afárá wà láàárín méjèèjì, ìkéde kan sì lè gba ọ̀nà méjì dé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà fún ẹni tó ń kọ ètò tí yóò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, aṣọ tó wọ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìkéde tí ti àtijọ́ ń pè ní msg, body ni ti tuntun ń pè é. Àmì ìdánimọ̀ ìkéde tí ọ̀kan ń pè ní msg_id, èkejì ní id lásán. Ìkọ́kọrẹ́ àti ìfọ́kọrẹ́ ni: ewùrà kan náà, ìkòkò kan náà, ẹnu ló yàtọ̀. Bí o bá wá jẹ́ kí gbogbo ètò rẹ mọ orúkọ méjèèjì, ibi ogún ni wàá ti máa bèèrè pé "ṣé ti àtijọ́ ni tàbí ti tuntun?" Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gba ìkéde láti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ di èdè ilé, àwọn ará inú ilé kò sì ní mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Bí ọ̀nà kẹta bá dé lọ́la, òun nìkan ni yóò kọ́ èdè tuntun.

Ògbufọ̀ nìyẹn. Àbúrò wa ní "olùyípadà", ṣùgbọ́n ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà, opùrọ́ ni! Ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà bèèrè. Ìkéde tí kò kàn wá, kó jẹ́ kó kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Àwọn tó kù kò gba àríyànjiyàn. Topic, orúkọ tó ń sọ irú ìkéde tó jẹ́, "àkọlé" ni kí ó jẹ́, torí ìta la ti ń kà á kí a tó ṣí i: org.fedoraproject.prod.buildsys.build.state.change, láti orí ilé ńlá dé orí yàrá. Ẹni tó dá "oríkì" lábàá fún un pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì wù mí, ṣùgbọ́n a ti fi oríkì pe definition nínú ìwé ẹ̀kọ́. Backend, irinṣẹ́ abẹ́ tí ìkéde ń gbà, bíi ZeroMQ tàbí RabbitMQ, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe "ẹ̀yìnkùlé". Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ta ni yóò fi ẹrù rẹ̀ síbẹ̀? "Ọ̀nà ìkéde" ti tó.

Ọ̀kan ló ṣẹ́kù tó ń dà mí láàmú. Bí agbàdè bá fún ọ ní ìkéde, o gbọ́dọ̀ sọ fún un pé o ti gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún un fún ọ, ètò rẹ á sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí la ó pe "mo ti gbà á" yẹn? Kì í ṣe èsì, torí kò dá akéde lóhùn. Ní gáréèjì, ọwọ́ la fi ń sí ìwé wéèbíìlì, ṣùgbọ́n "ìfọwọ́sí" ti di pé a fara mọ́ nǹkan, ẹni tó gba ìkéde pé ẹrù kùnà kò sì fara mọ́ ọn. Mo ti rò "ìjẹ́wọ́-ìgbà", ó dà bí ẹni tó jalè. Ìyá wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo fi eléyìí sí, mà.