Bíkọ̀n WSPR mi: 40 mítà ti bọ́ sójú ẹ̀, àmọ́ 10 mítà kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ

Ayọ̀_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti jókòó ti nǹkan yìí. Mo fọwọ́ ara mi so bíkọ̀n WSPR kan (rédíò kékeré tó ń dá fi àmì ránṣẹ́ pẹ̀lú agbára táṣẹ́rẹ́, tí àwọn oní-rédíò káàkiri ayé tó bá gbọ́ ọ sì ń kọ fíríkúẹ́ńsì ẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), Arduino Nano tó ń darí ẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù Si5351 kékeré yẹn tó ń ṣe fíríkúẹ́ńsì jáde láti ara kírísítálì 25 MHz tó wà lórí ẹ̀, tíránsísítọ̀ BS170 kan ṣoṣo ló ń ti agbára jáde. Lórí bẹ́ẹ̀ńdì 40 mítà mo ní kó jáde lórí 7.040100 MHz, àwọn tó gbọ́ mi ń kọ 7.040030 sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi 70 Hz wálẹ̀. Lórí 20 mítà kò tiẹ̀ sẹ́ni tó gbọ́ mi rárá. Mo wá lọ fi 70 kún gbogbo fíríkúẹ́ńsì inú kóòdù, 40 mítà bọ́ sójú ẹ̀ gẹ́lẹ́, inú mi dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ mi lórí 20 mítà, àmọ́ níbẹ̀ náà wọ́n tún ń kọ 14.097030 dípò 14.097100. Mo gbé e lọ sí 10 mítà (28 MHz), kò sẹ́ni kankan, èríà (áńténà) kan náà ni mo sì fi ń lo rédíò ńlá mi lórí 10 mítà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé Si5351 yìí ti bàjẹ́ ni àbí kí ni mò ń ṣe tí ò tọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó.

Wáyà_Gígùn
Si5351 yín ò bàjẹ́. Ẹ gbàgbé 70 yẹn ná, ẹ wo bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó fi kún un: 40 mítà fi 70 wálẹ̀, 20 mítà á ti fi 140 wálẹ̀, 10 mítà á fi 280 wálẹ̀. Bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń lọ sókè ni àṣìṣe ń bá a lọ. Kírísítálì yẹn ni kò pé 25 MHz, ó fi bíi 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) dín, 250 Hz nìyẹn. Ó dà bíi téèpù télọ̀ tó ti súnkì, tó o bá fi wọn yáàdì kan ó dín díẹ̀, tó o bá fi wọn yáàdì mẹ́rin ó dín ní ìlọ́po mẹ́rin, o ò lè fi ínǹṣì kan ṣoṣo kún gbogbo aṣọ kó o ní o ti tún un ṣe. Àyè tí WSPR ní lórí bẹ́ẹ̀ńdì kọ̀ọ̀kan ò ju 200 Hz lọ, 100 lápá òkè, 100 lápá ìsàlẹ̀, torí ẹ̀ ni 20 mítà ṣe sọnù nígbà yẹn, òun náà ló sì mú 10 mítà sọnù báyìí torí ó ṣì fi bíi 210 wálẹ̀.

Ẹ yọ 70 yẹn kúrò. Láíbìrì Si5351 ní ibi tí wọ́n ń pè ní set_correction, ppb (ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan, 1 ppm jẹ́ 1000 ppb) ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà ibẹ̀, ẹ fi -10000 sí i. Ẹ má gbàgbé àmì ìyọkúrò yẹn o, torí tẹ́ ẹ bá fi 10000 lásán sí i àṣìṣe yín á di ìlọ́po méjì. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn, àwọn tó ń gbọ́ yín náà ní kírísítálì tiwọn tó lè ṣì wọ́n lọ́nà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Houston lẹ wà, WWV, ilé iṣẹ́ rédíò tó ń kéde àkókò láti Fort Collins ní Colorado, máa dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa lórí 10 MHz lọ́sàn-án, aago átọ́míìkì ló ń darí ẹ̀. Ẹ tan bíkọ̀n sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná débi tó máa gbóná dé, ẹ ní kó máa tú 10 MHz jáde, kẹ́ ẹ wá gbé wáyà kékeré kan láti ẹnu ẹ̀ sún mọ́ èríà rédíò yín, rédíò wà lórí AM. Ìgbì méjèèjì á pàdé, ẹ máa gbọ́ tí ohùn WWV á máa ròkè á máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ máa yí nọ́ńbà yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa falẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1 Hz ló kù, 0.1 ppm nìyẹn. Ẹ má ṣe é ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ torí ojú ọ̀run tó ń dá ìgbì padà máa ń rìn nígbà yẹn, ó lè fi bíi 1 Hz tàn yín.

Ayọ̀_Houston
Háà, ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ téèpù télọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ṣé rédíò tí mo fẹ́ fi gbọ́ ọ ò ní kọ́kọ́ nílò kálíbréṣọ̀n (títún un ṣe kó bá òótọ́ mu) tiẹ̀ ni?

Wáyà_Gígùn
Rárá o. Inú rédíò yẹn ni méjèèjì ti ń pàdé, àṣìṣe rédíò ò kàn án, kó ṣáà ti lè gbọ́ méjèèjì pọ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo ìyókù lọ nìyẹn. Àwa tá a wà níbí ní Manchester, RWM ti Mọ́síkò ní Rọ́ṣíà, tó ń ṣe irú iṣẹ́ WWV, la máa ń wá lórí 9.996 àti 14.996 MHz.

Bàbá_Ìbàdàn
Ọmọ mi, o kú ìforítì. Lọ́dọ̀ wa níbí WWV ò ṣeé gbára lé, ọjọ́ kan á wọlé, ọjọ́ mẹ́ta á sọnù, torí náà GPS ni mò ń lò. Mo ní kí Si5351 máa tú 2.5 MHz, mo gbé e lọ sí ẹsẹ̀ D5 Arduino, ó ń kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 40 tí PPS (àmì ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) láti ara NEO-6M, rísífà GPS mi, ń sàmì sí. Ó yẹ kó ka 100,000,000. Tó bá ka 99,999,000, ó ti dín 1,000, 10 ppm gééré nìyẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá dín jẹ́ 10 ppb. Àmọ́ gbọ́ o, kálíbréṣọ̀n tó o bá ṣe láàárọ̀ ọyẹ́ ò ní bá ti ọ̀sán mu lábẹ́ páànù. Kírísítálì bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe TCXO (irú èyí tí wọ́n ṣe kí ooru má fi bẹ́ẹ̀ gbé e rìn), ooru ń gbé e rìn. Fóòmù ni mo fi bo tèmi.

Ayọ̀_Houston
Mo padà dé! Lọ́sàn-án àná mo jókòó ti WWV fún wákàtí kan, -9870 ló bá a mu. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí mo bọ́ sórí 10 mítà tí ẹnì kan ní Bràsíl fi gbọ́ mi. Mo pariwo débi tí ìyàwó mi fi sáré wọlé. Ó kàn kù pé wọ́n ń kọ ọ́ pé mo ń rìn 2 Hz ní ìṣẹ́jú kan, mo wá rántí ọ̀rọ̀ bàbá, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ régúlétọ̀ tó ń gbóná gan-an ni mo so bọ́ọ̀dù yẹn mọ́. Mo ti gbé e jìnnà sí i, mo fi fóòmù bò ó, gbogbo rìpọ́ọ̀tù àárọ̀ yìí 0 ni. NEO-6M ti wà lọ́nà, bàbá ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé kóòdù tẹ́ ẹ fi ń kà á síbí.

Bàbá_Ìbàdàn
Inú mi dùn púpọ̀. Màá gbé e síbí lálẹ́ tí iná bá dé.