"Ìtìpa ìrántí" kẹ̀? "Pa" yẹn ni mò ń bá jà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ lánàá pé "ìtìpa ìrántí" ni kí a máa pe memory lock inú Elasticsearch, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú dátà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Bí wọ́n bá ti ọjà Àtàkúnmọ́sà pa, ta ló ń tajà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń lọ tọ̀sán-tòru nínú mẹ́mọ́rì tí ẹ ní a tì pa yìí! Ohun tí à ń sá fún ni kí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, má kó o lọ sí swap, ìyẹn àyè orí dísìkì tó lọ́ra ju mẹ́mọ́rì lọ, torí bó bá débẹ̀, wíwá ọ̀rọ̀ á di ìdúró gbọọrọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbí ní Iléṣà, mo kọ bootstrap.memory_lock: true láti fi béèrè memory lock yìí, sáfà bá kọ̀, kò dìde: "Unable to lock JVM Memory", pé òun kò lè lock mẹ́mọ́rì JVM, ẹ̀rọ Java tí Elasticsearch ń lò. Mo ti fi unlimited (àìlópin) sínú limits.conf, fáìlì tí Linux fi ń díwọ̀n ohun tí a lè lò, àṣé systemd, alábòójútó àwọn iṣẹ́ inú Linux, kì í wo fáìlì yẹn fún irú iṣẹ́ báyìí. Ìgbà tí mo lo systemctl edit, tí mo fi LimitMEMLOCK=infinity (kí òpin má sí fún mẹ́mọ́rì tó lè lock) sábẹ́ [Service], tí mo ṣe daemon-reload, tí mo tún un tan, ni mlockall, àmì pé lock náà ti ṣẹ, tó di true. Kí ni mo tì pa níbẹ̀? Àyè ni mo fún un.

Ìyá ìyá mi máa ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn lẹ́yìnkùlé. Ewúrẹ́ ń jẹ, ó ń mu, ó ń ké, kò kàn lè dé oko olóko ni. Màmá kò sọ ọ́ rí pé àwọn ti ewúrẹ́ pa. "Mo so ó mọ́lẹ̀" ni wọ́n ń wí. Ìsomọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ní ká pè é ní "ìlóṣòó", nítorí Òṣómàáló tí í lóṣòó títí yóò fi gbowó rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló fúnra rẹ̀ ló lóṣòó. Elasticsearch ní láti bẹ kernel, ọkàn Linux, kó so mẹ́mọ́rì òun mọ́lẹ̀ ni.

"Ìrántí" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iyè ni. Ẹni tó sì kọ "ìyè" lésì, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni ti "omi ìyè". Iyè tí í ra, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ni ní Yorùbá: níbo lẹ ti gbọ́ "tì pa" fún ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́?