Ọkọ̀ ni ìyá wí, "ọkọ" ni ẹ̀rọ gbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo gbé iṣẹ́ ìwádìí fún ẹ̀rọ AI.

Èmi àti ọ̀gá mi ń ṣe ìwádìí kan n'Ìbàdàn, lórí ibi tí owó àwọn ìyá aláta ń gbà lọ. Mo fọ̀rọ̀ wá 16 lára wọn lẹ́nu wò, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é rí mọ̀ pé ohùn wákàtí kan lè gba odidi ọjọ́ kéèyàn tó kọ ọ́ tán. Ó sú mi. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ AI kan. Kí omi tí mo gbé kaná tó hó, ó ti kọ ọ́, ó ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó gbé jáde dùn ún kà. Ó ní ìyá 7 ló sọ pé ọkọ ló ń jẹ owó àwọn. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí àwọn ọkùnrin tó ń gba owó lọ́wọ́ ìyàwó, kí ọ̀gá mi tó ní, "Jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọ̀kan."

Ìyá náà ní: "Ọkọ̀ ló ń jẹ owó mi, ọmọ mi. Láti Ṣáṣá dé ibí, ọkọ̀ ni."

"Oko" lásán ni ẹ̀rọ kọ, kò fi àmì kankan sí i, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sí ọkọ tó fẹ́ni sílé. Opó sì ni ìyá yẹn! Ó sọ fún mi kí n tó tan fóònù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọ̀gá mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àdéhùn. Ìyá kan ti bi mí pé, "Ṣé kò ní dé etí àwọn alájọ wa?" Mo ní àwa méjì péré ni yóò gbọ́ ọ. Èmi náà ni mo tún gbé ohùn rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 lè má fàyè gba irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ká má tiẹ̀ sọ ti òfin, mo ti ṣèlérí fún àgbàlagbà.

Mo pa ohun tí mo lè pa rẹ́ níbẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣì ń lo AI láti tún Gẹ̀ẹ́sì tèmi ṣe. Ohùn ẹlòmíì kò débẹ̀ mọ́.

Mo padà sọ́jà, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Opó yẹn ní kí n tẹ ohùn òun kí òun gbọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ kún un pé wọ́n ń gba owó èèyàn lọ́tọ̀, wọ́n ń gba ti ẹrù lọ́tọ̀."