Bí mo ṣe mọ Fyvush Finkel

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìrírí mi nípa rẹ̀ ni Fyvush Finkel, òṣèré Júù tí wọ́n bí ní 1922 sí Brooklyn ní New York, ibi tí èmi náà ń gbé. Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Picket Fences, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ni mo ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí ó ti ṣe agbẹjọ́rò Douglas Wambaugh, aláriwo ọkùnrin tí kì í sú u láti jiyàn níwájú adájọ́.

Màmá kan, Júù, tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mú mi dé ilé rẹ̀, ni ó là mí lọ́yẹ. Ó ní láti ọmọ ọdún 9 ni Finkel ti ń gun orí ìtàgé, àti pé Yídíìṣì, èdè Júù tí àwọn òbí wọn gbé wá láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, ni ó fi ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Second Avenue, òpópónà tí àwọn gbọ̀ngàn eré Yídíìṣì pọ̀ sí ní Manhattan, ní New York kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ aṣíkílọ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò èdè ilé, ìjọba Násì ti Jámánì sì ti pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù Júù ní Yúróòpù, nítorí náà òǹwòran dín kù, àwọn gbọ̀ngàn eré náà sì ń kógbá sílé. Finkel bá àwọn tí ó ń ṣe Fiddler on the Roof, eré olórin nípa ìdílé Júù kan, lọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pẹ́ gan-an níbẹ̀.

Ní 1994, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 71, ó gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, nítorí ipa Wambaugh yẹn. Lójú tèmi, tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ kankan. Bí ó ṣe ń gbé ohùn sókè, tí ó ń dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín tó bú, Second Avenue ni ó ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn òṣèré alárìnjó wa yóò mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 2010 mo lọ wò ó lójúkojú, nígbà tí Folksbiene, ẹgbẹ́ eré Yídíìṣì tí ó ti wà láti 1915, gbé e jáde ní Manhattan. Ó ti ń sún mọ́ 90, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sì ń bá a lu ohun èlò orin. Àwọn kan lára wa wá nítorí agbẹjọ́rò orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àgbàlagbà wá nítorí àwọn orin tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń bá a gbè é. Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2016, ní ọmọ ọdún 93, inú mi sì dùn títí di òní pé mo lọ.