Bátìrì láptọ́ọ̀pù tí mo sọ di kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ń wú, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní n'Íbàdàn. Kọ̀ǹpútà ńlá ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí NEPA bá ti mú iná pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ tí n ò tíì séèfù ti lọ nìyẹn. Mo wá ra láptọ́ọ̀pù àlòkù, mo fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ra kíbọ́ọ̀dù àti máòsì sí i. Ó tù mí lára gan-an! Tó bá di alẹ́, mo ti gbé e sínú báàgì, ó di ilé.

Àmọ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ṣájà máa ń wà lára rẹ̀, mo sì máa ń pa á dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé ibi tí à ń fìka rá ti gbé sókè, ìdí rẹ̀ ò sì jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́. Oníṣẹ́ kan ní kí n yọ bátìrì, kí n máa lò ó lórí iná tààrà. Tí iná bá wá lọ ńkọ́? Ṣebí ohun tí mo sá fún náà nìyẹn.

Ṣé UPS kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́ de ìgbà tí iná bá lọ, lè gbé e? Àbí kí n ra bátìrì tuntun, kí n má jẹ̀ẹ́ kó máa gbaná ju 80% lọ? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe ètò yẹn? Mo ti pa á báyìí, mo yọ ṣájà. Ẹni tó ti ṣe é rí ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ta bátìrì fún mi o.